Ọ̀nà Tí Wọ́n Ní Kò Sí

Ìwé náà wà lára pátákó ìkéde tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, láàárín ìkéde ajá tó sọnù àti ìkéde omi ẹ̀rọ tí kò ní yọ lọ́jọ́ Àìkú. Ìyá Onílẹ́tà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Ohun tó kà lẹ́ẹ̀kínní náà ló kà lẹ́ẹ̀kejì: "Ọ̀nà etídò, láti ilé aṣọ́bodè àtijọ́ dé èbúté: a ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí ọ̀nà níbẹ̀."

Kò sí kí ni? Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀ o, ẹ̀rín tí èèyàn ń rín kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ ni. "Ọ̀nà tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rìn, òun ni kò sí? Ó dáa. Ẹ kúkú kọ ọ́ mọ́ ọn pé èmi náà ò sí, kí irọ́ yín lè pé."

Ẹni tí kò bá mọ ìyá yìí á rò pé ó fẹ́ràn ìjà. Kò fẹ́ràn ìjà. Ìjà ló fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélàádọ́rin ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ti ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò tíì mọ̀ pé àgbà ti dé. Apínlẹ́tà ni tẹ́lẹ̀. Láràárọ̀ ló máa ń gbé àpò kọ́ èjìká níwájú ilé aṣọ́bodè, á gba etí odò lọ, á máa já lẹ́tà sílé àwọn àgbẹ̀ àti àwọn apẹja títí á fi dé èbúté. Odò yẹn gan-an ni ààlà. Tiwa lápá ibí, orílẹ̀-èdè ẹlòmíì lódìkejì, ó sì sún mọ́ra débi pé bí wọ́n bá sá aṣọ lọ́hùn-ún, wàá mọ èyí tó ti ya nínú wọn. Láyé àtijọ́, wọ́n jagun lórí omi náà. Odi ìgbà náà ti wó, ó ku àfọ́kù rẹ̀ tí ewéko bò, àwọn òkúta ààlà tí wọ́n gbẹ́ nọ́ńbà sí lára sì tò létí omi bí àwọn arúgbó tó ń retí ọkọ̀. Ogun ti lọ tipẹ́, àwọn òkúta ò rí ibi lọ.

Ọ̀nà náà ò le rárá. Ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò ní òkè kan tí èèyàn á tìtorí rẹ̀ mí gúlegúle. Ìdí nìyẹn tí Ìyá fi ń kó àwọn àgbà rìn níbẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú, látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Tíṣà ń bẹ nínú wọn, ẹni tó ti gbàgbé orúkọ gbogbo ọmọ tó kọ́ àmọ́ tó ṣì rántí gbogbo ẹni tó nà. Oníbúrẹ́dì náà ń bẹ, ọkùnrin tí ìbàdí ń yọ lẹ́nu, tí kì í sì í yé sọ ọ́. Nígbà míì wọ́n á tó mẹ́wàá. Kí ẹnikẹ́ni má baà ṣìnà, Ìyá ti fi ọ̀dà funfun kun àmì róbótó, tó tó ẹnu ife, sára òkúta, sára igi, sára òpó, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta lápapọ̀. Lọ́dọọdún ló ń tún wọn kùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ́fíìsì ìjọba fẹ́ ṣe ìwé pẹlẹbẹ kan fún àwọn tó ń wá ṣeré lágbègbè etídò wa, ìwé ìrìn ìrọ̀rùn ni wọ́n pè é. Ọ̀nà tó bá ní àmì, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀, ó di ti gbogbo ayé. Èyí tí kò bá ní, wọ́n á pa á rẹ́ lórí àwòrán ilẹ̀, ẹni tó ni ilẹ̀ tó yí i ká á sì ti í pa. Ta ló ni ilẹ̀ etídò? Ọ̀gá Hòtẹ́ẹ̀lì ni. Ọkùnrin yìí ti ra ilẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé aṣọ́bodè títí lọ, ó sì ti ń sọ ọ́ fáyé gbọ́ pé òun ò fẹ́ kí arúgbó kankan máa wúkọ́ kọjá níwájú àlejò òun. Ìkéde náà fún ẹni tó bá ní àtakò ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ó sì kìlọ̀ nísàlẹ̀ pé ẹni tó bá kun àmì tuntun láàárín ìgbà náà ti rú òfin.

Ìyá ò lọ sílé. Ó wọ inú ọ́fíìsì lọ tààrà.

Awọnlẹ̀ tó kọ ìwé náà tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì pinnu bóyá kó hù tàbí kó má hù. Ó dìde nígbà tó rí àgbà.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Ìwọ lo kọ ọ́ pé kò sí ọ̀nà?"

"Èmi ni, mà. Ẹ má bínú. Mo fẹsẹ̀ mi rìn ín ni. Dírẹ́bà já mi sílẹ̀ ní èbúté, mo rìn títí dé ilé aṣọ́bodè, ó sì wá gbé mi níbẹ̀. Mi ò rí àmì kankan."

"O lajú rìn ni àbí o dijú?"

Ọmọkùnrin náà ṣí fáìlì, ó to fọ́tò sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò wọ́n. Ó mọ̀ wọ́n! Òkúta kejìlá rèé, èyí tí orí rẹ̀ ti fọ́. Igi tó tẹ̀ sódò rèé. Òpó ilé apẹja rèé. Gbogbo wọn wà níbẹ̀, gbogbo wọn sì mọ́ foo, kò sí ọ̀dà tó tó orí abẹ́rẹ́ lára ìkankan. Ìyá wá àga tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó.

"Wọ́n ti ha á," ló sọ. "Ọ̀gá Hòtẹ́ẹ̀lì ti ní kí wọ́n ha ọ̀dà mi kúrò."

"Màmá, mi ò mọ ìyẹn o. Ohun tí mo rí ni mo kọ."

Ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá bí, aránṣọ ni. Yàrá iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, òwú ń bẹ nílẹ̀, aṣọ tí wọn ò tíì wá gbà ń bẹ lára ògiri. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò lórí máṣíìnì bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ ẹjọ́ náà tí ó ń ju ọwọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Màmá, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Dókítà ní kí ẹ sinmi orúnkún yẹn."

"Dókítà ò ní kí n sinmi ẹnu."

"Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Ìlú yìí ní ọ̀nà míì. Ẹ lè kó wọn rìn yí ọgbà ilé ìwé ká."

"Kí a máa yí ilé ìwé ká bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀? Àwa?"

Máṣíìnì dúró. Ọmọ yíjú sí ìyá rẹ̀. "Ó dáa, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ìgbà wo lẹ dé èbúté kẹ́yìn?"

Ọmọ ẹni ló mọ ibi tí ọbẹ̀ ti ń ta ni létè. Atukọ̀ ni ọkọ rẹ̀, èbúté yẹn ni ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ti pé ọdún mẹ́rin báyìí tó ti kú. Láti ọjọ́ ìsìnkú, Ìyá ò tẹ ibẹ̀ mọ́. Ibi odi tó wó ni ìrìn Ọjọ́rú ń parí sí, níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbé wọn padà, Oníbúrẹ́dì ló sì ń bá a tún àwọn àmì tó kù níwájú kùn. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè rí. Gbogbo wọn mọ̀.

"Ọ̀rọ̀ èbúté kọ́ là ń sọ," ni Ìyá wí, ó sì wọ yàrá lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú ọ̀pá, ó lọ wo ibi tí wọ́n ti ha ọ̀dà rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé aṣọ́bodè bó ti máa ń ṣe. Òkúta àkọ́kọ́: àmì wà níbẹ̀, funfun báláú. Ó yà á lẹ́nu. Ìkejì wà. Ìkẹta wà. Nígbà tó fi dé ìkẹwàá, ó ti ń bínú lọ́tun. Ọmọkùnrin onírùngbọ̀n yẹn purọ́! Ó lọ ya fọ́tò òkúta níbòmíì, ó wá fi ń dẹ́rù ba arúgbó! Ó ń rìn, ó ń ṣépè díẹ̀díẹ̀, ó ń ka àmì. Lẹ́yìn òkúta kejìdínlógún, orúnkún kọ̀ fún un. Gẹdú kan wà nílẹ̀ níwájú díẹ̀, ó lọ jókòó sórí rẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó kọjú síbi tó ti ń bọ̀, kó lè fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ lẹ́yìn.

Ó wo òkúta kejìdínlógún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lára rẹ̀. Ó mọ́ foo.

Ó dìde. Ó rìn padà, ó wo iwájú òkúta: funfun. Ó yí i ká, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀: kò sí nǹkan kan. Ó tún yí i ká lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́.

"Yéè!" Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Èmi ni. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe é."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí irú àṣìṣe yìí, bí kì í bá ṣe irú Ìyá, kò sẹ́ni tó lè ṣe é. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó fi pín lẹ́tà, kò fẹsẹ̀ rin ọ̀nà yẹn padà sílé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Tó bá ti dé èbúté, ọkọ rẹ̀ á ti dúró dè é nínú ọkọ̀. Á gbé àpò òfìfo síwájú, á bọ́ bàtà, á ti ẹsẹ̀ bọ omi, ọkọ rẹ̀ á máa tu ọkọ̀, àwọn méjèèjì á máa jà lórí ohun tí wọ́n máa jẹ lálẹ́ títí wọ́n fi máa dé ilé aṣọ́bodè. Àní ọ̀dà funfun yẹn, ọ̀dà ọkọ̀ ojú omi ni. Ọkọ rẹ̀ ló máa ń bu èyí tó ṣẹ́kù sínú agolo mílíìkì fún un. Ta ni á wá ronú kan ẹ̀yìn òkúta, nígbà tó jẹ́ pé orí omi là ń gbà padà? Nígbà tí ọkọ sì kú, bọ́ọ̀sì ni. Gbogbo àmì rẹ̀ ló kọjú sí ẹni tó ń lọ. Kò sí ẹyọ kan tó kọjú sí ẹni tó ń bọ̀. Awọnlẹ̀ náà wá gba ìdàkejì, kò sì padà. Ẹni tí kì í padà ló pàdé ẹni tí kò padà.

Ìyá sunkún níbẹ̀ díẹ̀. Kò tìtorí ọ̀nà sunkún. Ọkùnrin inú ọkọ̀ yẹn ló tìtorí rẹ̀ sunkún. Lẹ́yìn náà ló nu ojú, ó fun imú, ó sì wo odò bí ẹni tí wọ́n jọ ní ọ̀rọ̀ sọ. "Ó tán o," ló wí. "Ṣùgbọ́n pé mo ṣi nǹkan ṣe ò ní kí wọ́n wá gba ọ̀nà náà lọ́wọ́ mi."

Nígbà tó sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Oníbúrẹ́dì ní ọ̀rọ̀ ò le. "Ẹ jẹ́ ká jí dé ibẹ̀ ní ìdájí ọ̀la. Èmi pẹ̀lú Tíṣà, agolo ọ̀dà méjì. Kí oòrùn tó mú, a ti kun ẹ̀yìn gbogbo wọn tán. Ta ni á mọ̀?"

Ìyá fàáké kọ́rí. "Nǹkan tèmi, kí ló dé tí n ó fi jí i? Mi ò ní purọ́ gba ohun tó jẹ́ òótọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan ọ̀dà, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni."

"Ìbàdí mi ò tiẹ̀ ní gbà," ni Oníbúrẹ́dì wí, ó sì jọ pé inú rẹ̀ dùn sí i.

Ó kọ lẹ́tà sí awọnlẹ̀, ó fẹsẹ̀ rẹ̀ mú un lọ, torí apínlẹ́tà kì í fi lẹ́tà rẹ̀ rán ẹlòmíì. Ó kọ ọ́ pé: "Ẹ wá lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ náà la ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú fáìlì yín dání."

Ọmọ rẹ̀ ka ẹ̀dà lẹ́tà náà lórí tábìlì. "Láti èbúté, Màmá?"

"Láti èbúté."

Ọmọ náà mú bàǹdéèjì, ó kúnlẹ̀, ó wé orúnkún ìyá rẹ̀ dáadáa, ó sì fi píìnì há a bí aránṣọ, kó má baà tú.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ wà ní èbúté níbi tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sí, koríko ti hù láàárín pákó. Ìyá wò ó lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ló yí ojú sí ọ̀nà. Awọnlẹ̀ ti dé pẹ̀lú fáìlì. Ọ̀gá Hòtẹ́ẹ̀lì náà ti dé, ó wọ bàtà aláwọ̀ tó ń dán yinrin, ó kó ọwọ́ sápò. Àwọn àgbà mẹ́sàn-án dúró lẹ́yìn Ìyá.

Wọ́n rìn dé òkúta àkọ́kọ́. Awọnlẹ̀ tọ́ka sí i. "Màmá, ẹ wò ó fúnra yín. Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀."

"Ẹ kọjá rẹ̀, awọnlẹ̀. Ó tó. Ó yá, ẹ yí padà."

Ọmọkùnrin náà yí padà. Àmì funfun ń wò ó, kòrókòró. Ó gbé kámẹ́rà, ó ya á.

"Ẹ yí padà" ni wọ́n ń gbọ́ láti ìgbà náà lọ. Ní igi. Ní òpó. Ní òkúta. Nígbà tó ṣe, gbogbo àwọn àgbà náà ló ń bá Ìyá pè é pa pọ̀, ohùn Tíṣà ló sì ń ròkè jù.

"Ṣé ìrìn ni àbí ijó?" ni Ọ̀gá Hòtẹ́ẹ̀lì bi wọ́n. "Èèyàn tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ń wò, ṣé ìyẹn ń rìn?"

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ọ̀gá," ni Ìyá dá a lóhùn. "Ẹ máa bọ̀."

Wọ́n kọjá odi tó wó. Àmì ti di ogójì nínú fáìlì. Orúnkún Ìyá ti wú bí àkàrà nínú bàǹdéèjì, ó ń tiro, ọmọ rẹ̀ tó tẹ̀lé wọn ń wò ó. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n fi kan wáyà. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún tuntun ni, ìlà mẹ́ta, ó dí ọ̀nà láti etí omi títí wọ inú igbó. Ọjọ́ tí Ìyá jókòó sórí gẹdú, kò sí níbẹ̀.

"Ilẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ láti ibí," ni Ọ̀gá Hòtẹ́ẹ̀lì wí. "Kò sí ọ̀nà níbí rí. Koríko lásán ni."

Awọnlẹ̀ wo aago. "Màmá, ogójì náà tó. Ẹ jẹ́ ká dúró níbí, ká kọ ìdajì ọ̀nà sínú ìwé."

"Ìdajì ọ̀nà?" ni Ìyá pariwo. "Ṣé ìdajì lẹ́tà ni mo máa ń pín? Ta ní ń rìn dé àárín kó sọ pé òun ti dé ilé?"

Ó ju ọ̀pá sódìkejì. Ọmọ rẹ̀ ní "Màmá, ẹ jọ̀ọ́!" Kò gbọ́. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja sórí koríko, ìyá àgbà ẹni ọdún méjìlélàádọ́rin, ó di ìdí aṣọ mú, ó yí gbirigbiri gba abẹ́ wáyà kọjá. Tíṣà tẹ̀lé e. "Ọdún gbọọrọ ni mo fi na àwọn ọmọ tó ń gba abẹ́ ọgbà sá," ló ń sọ nílẹ̀, "mi ò mọ̀ pé báyìí ló ṣe dùn." Oníbúrẹ́dì há. Wọ́n fa ẹsẹ̀, wọ́n fa apá, ìbàdí rẹ̀ gbà.

Àwọn tó kù náà kọjá. Ó ku awọnlẹ̀ lódìkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá Hòtẹ́ẹ̀lì, pẹ̀lú fáìlì àti ṣòkòtò funfun rẹ̀ tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ìyá ti gbára lé ọ̀pá, ó ń mí. Ó ti rí nǹkan kan lára òpó tí wọ́n so wáyà mọ́, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Awọnlẹ̀," ló wí jẹ́jẹ́, "ẹ bọ̀ lápá ibí. Ẹ wá wo ìkọkànlélógójì."

Ọmọkùnrin náà wo Ọ̀gá Hòtẹ́ẹ̀lì, ó wo ṣòkòtò rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó ju fáìlì síwájú, ó sì rá gba abẹ́ wáyà kọjá. Nígbà tó dìde, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló yí padà.

Òpó náà kì í ṣe tuntun. Òpó ilé apẹja àtijọ́ ni, èyí tí Ìyá ti kun àmì sí láti ọdún gbọọrọ. Ẹni tó ta wáyà rí òpó ọ̀fẹ́, ó sì lò ó. Àmì funfun náà wà níbẹ̀, ó mọ́ kedere, ìṣó ńlá kan sì wà láàárín rẹ̀ gẹ́lẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n so wáyà kọ́.

Awọnlẹ̀ na ìka, ó fọwọ́ kan orí ìṣó.

"Ẹ̀gbọ́n," ló bi Ọ̀gá Hòtẹ́ẹ̀lì láti àárín wáyà, "ta ló kan ìṣó yìí?"

"Èmi ni. Ilẹ̀ mi ni."

"Ẹ ní kò sí ọ̀nà níbí rí. Nígbà tí ẹ gbé òòlù sókè, kí lẹ rò pé ẹ̀ ń gbá lórí?"

Ọ̀gá Hòtẹ́ẹ̀lì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bàtà rẹ̀ tó ń dán ti rì sínú ẹrọ̀fọ̀ títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Awọnlẹ̀ kọ ìkọkànlélógójì sínú fáìlì, wọ́n sì jọ rin ìyókù dé ilé aṣọ́bodè.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìwé pẹlẹbẹ jáde. Ọ̀nà etídò wà ní ojú ewé kẹrin, odindi rẹ̀, láti ibí dé ọ̀hún. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ìrìn ìrọ̀rùn, wákàtí méjì, kò le fún arúgbó." Ìyá kà á sókè ní ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀. "Kò le? Kí wọ́n wá bi orúnkún mi!" Ṣùgbọ́n ó ká ìwé náà, ó fi sínú báàgì rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yá a wò. Lẹ́tà kan tẹ̀ lé e láti ọwọ́ awọnlẹ̀, pé wọ́n ti tú wáyà náà, wọ́n sì ti fún un láṣẹ báyìí láti kun ẹ̀yìn gbogbo àmì náà.

Òun àti ọmọ rẹ̀ ni wọ́n jọ lọ. Ọmọ ti ṣọ́ọ̀bù, ó gbé agolo mílíìkì tí ọ̀dà wà nínú rẹ̀. Bọ́ọ̀sì já wọn sílẹ̀ ní èbúté, dírẹ́bà sì ní ṣé kóun padà wá gbé wọn. Ìyá ní kó máa lọ.

Ó kúnlẹ̀ nídìí òkúta àkọ́kọ́, lápá tí ẹnikẹ́ni ò kùn rí. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó yí i róbótó, ó fẹ́ ẹ kó lè tètè gbẹ. Ọmọ rẹ̀ fà á dìde. Ìyá wá yíjú sí ọkọ̀ tó dojú dé nínú koríko.

"Ọkọ mi," ló wí, "ẹ má dúró dè mí mọ́. Ẹsẹ̀ ni mo máa fi padà sílé lónìí."

Ó gba agolo lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì kọjú sílé.